Àròkọ Ńlá tí Gíwá Ìwúlò Kọ

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní etí àti eyín, ẹ fi etí gbọ́ mi, kí ẹ sì tọ́jú eyín de ẹ̀rín. Ọkùnrin kan wà tó ga ju àtẹ̀gùn tó gbé e gòkè lọ, òun ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Adelé gíwá ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìtàn, fìlọ́sọ́fì, ìmọ̀ àwùjọ àti lítíréṣọ̀. Ẹ gbọ́ mi o, adelé ni mo wí. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti pe "adelé" sétí rẹ̀? Oyè tó kó jọ fún ara rẹ̀ pọ̀ débi pé nígbà tí káfíńtà fẹ́ kan pátákó orúkọ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, pátákó gùn ju ilẹ̀kùn lọ. Káfíńtà ní kí wọ́n gé oyè kan kúrò. Gíwá ní kí wọ́n fẹ ojú ilẹ̀kùn sí i. Wọ́n sì fẹ̀ ẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Gíwá Ìwúlò, nítorí kò sí ohun tó rí tí kò ní béèrè pé, "Kí ni ìwúlò rẹ̀?" Ó bi òdòdó inú ọgbà bẹ́ẹ̀, wọ́n fà á tu. Ó bi àga tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé e kúrò, àwọn àgbà olùkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fara ti ògiri. Ohun kan ṣoṣo tí kò bi ní ìwúlò rẹ̀ rí ni òun fúnra rẹ̀.

Ìyá Akọ̀wé ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi máa wò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún méjìlélógún ló ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì gíwá, ó ti bá gíwá márùn-ún ṣiṣẹ́, kò sì sí èyí tó pa á lẹ́rìn-ín tó tún fẹ́ pa á lẹ́kún bí eléyìí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà ń kọ́ Ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà, ó sì ku ọdún kan péré kó parí. Ìyá Akọ̀wé a máa ka orúkọ ọmọ yìí lára pátákó èsì bí ẹni ń ka ìwé àdúrà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé gbogbo, ní déédéé aago mẹ́jọ, àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igbákejì gíwá, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, a dúró níwájú wọn, a na ọrùn.

"Ta ló ń bọ̀ yìí o?"

"Orísun ìmọ̀ ni!" ni àwọn olùkọ́ á dáhùn, wọ́n á sì máa wo bàtà ara wọn.

"Irú orísun wo?"

"Èyí tí kì í gbẹ!"

Ìgbà yẹn ni Gíwá á tó yọ, á máa yan fanda lórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́ fìlọ́sọ́fì béèrè pẹ̀lẹ́ pé, "Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í gbẹ?" Wọ́n kọ lẹ́tà ìbáwí fún un kó tó dé kíláàsì rẹ̀. Ìyá Akọ̀wé ló tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu títí tó fi tẹ̀ ẹ́ tán.

Láti ọjọ́ náà ni Gíwá ti dojú kọ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ránṣẹ́ pe olùkọ́ fìlọ́sọ́fì.

"Ọdún mélòó lẹ ti ń béèrè bóyá èèyàn lómìnira láti yan ohun tó wù ú?"

"Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, sà."

"Ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lórí ìbéèrè kan! Bí ẹ bá jẹ́ télọ̀, ta ló máa gbé aṣọ fún yín? Mo fún yín di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ kọ ìdáhùn wá ní ẹ̀dà mẹ́ta."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ìdáhùn dé ní ẹ̀dà mẹ́ta lóòótọ́. Ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, "A ti yàn láti má dáhùn."

Ó kojú sí ẹ̀ka lítíréṣọ̀, ó ní kí wọ́n yọ gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kúrò nínú ìtàn àròsọ. Ó ní kí ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ ṣe ìwádìí ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń rẹ́rìn-ín bí òun bá ń kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn olùkọ́ mẹ́ta fi ṣèwádìí, wọ́n rí ìdí náà, kò sì sí ẹni tó gbà láti fọwọ́ sí i nínú wọn. Nígbà tó kan Ìtàn, ó figbe bọnu.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ohun tó ti kọjá nìkan lẹ ń kọ́ wọn?"

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni olùkọ́ Ìtàn. Ó ní, "Èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kò tíì ní ẹ̀rí, sà."

"Àwáwí ọ̀lẹ!" ni Gíwá wí. Bẹ́ẹ̀ni-Sà náà ní àwáwí ọ̀lẹ ni, sà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin tó ṣe fún yín, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà nílé ẹ̀kọ́ náà tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Gíwá kò gbà. Ó ní àwọn olùkọ́ rí orúkọ ìdílé àwọn lára ìwé ni ìlara fi mú wọn. Ó gòkè àtẹ̀gùn iwájú gbọ̀ngàn, ó kó gbogbo ilé ẹ̀kọ́ jọ sínú oòrùn, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé:

"Láti òní lọ, ìwé kankan kò gbọ́dọ̀ dé iwájú olùyẹ̀wò pẹ̀lú orúkọ. Nọ́ńbà nìkan! Ẹni tó bá sọ ẹni tó ni nọ́ńbà kí máàkì tó jáde, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Máàkì tó bá sì ti jáde, kò sí ẹni tó lè yí i padà, títí kan èmi alára tí mo jẹ́ orísun. Ẹnikẹ́ni, mo ní ẹnikẹ́ni, ìbáà ga tó òrùlé, tí máàkì rẹ̀ kò bá tó ogójì, yóò lọ jókòó sí kíláàsì Ìpìlẹ̀ Ìrònú àti Ìwé Kíkọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún kìíní. Kò sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú ọgbà yìí títí yóò fi yege!"

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, òfin náà dára. Àwọn olùkọ́ fúnra wọn pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ìdánwò ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà, ó sì tún fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Gíwá kò rí ẹni bú.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ alákòóso kéde pé àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti wá pinnu bóyá adelé yóò di gíwá gidi. Orí Gíwá wú. Ó ní ẹ̀bùn tí òun máa fi pàdé wọn ni pé òun á ti ẹ̀ka mẹ́ta pa, Ìtàn, Fìlọ́sọ́fì àti Ìmọ̀ Àwùjọ, òun á sì dá ẹ̀ka tuntun kan ṣoṣo sílẹ̀ tí yóò máa jẹ́ Ẹ̀ka Ìwúlò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú àwọn ẹ̀ka mẹ́ta náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní padà. Ìyá Akọ̀wé ló tẹ ìwé àbá náà. Nígbà tó dé orí "ọdún kìíní padà," ìka rẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ rẹ̀ ti gbọ́.

"Màámi, ṣé òótọ́ ni? Ọdún mẹ́ta tí mo ti kà ńkọ́?"

"Fara balẹ̀, ìyá mi. Màá bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó bá wọn sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọ mi ku ọdún kan péré."

Gíwá kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ìtàn? Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn òkú ni ọmọ rẹ fẹ́ lọ gbaṣẹ́ ni? Dìde, o ń tẹ kápẹ́ẹ̀tì mi."

Ìyá Akọ̀wé dìde. Inú bí i, ojú tì í, ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú omi lójú. Mo mọ àwọn tó máa ní kó ti fìwé iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn yẹn kò san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rí.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Gíwá fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń kọ àròkọ ńlá tí yóò fi ti àbá rẹ̀ lẹ́yìn. Ìwé ìdáhùn ìdánwò ló kọ ọ́ sí, nítorí òun náà ló pàṣẹ pé irú ìwé kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa rà fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta ti ti ìta wá lọ́sẹ̀ náà láti yẹ ìdánwò àṣekágbá wò, àgbà ọ̀jẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Gíwá pe Ìyá Akọ̀wé àti Bẹ́ẹ̀ni-Sà wọlé.

"Ẹ gbé àròkọ mi lọ fún àwọn olùyẹ̀wò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú kí wọ́n yọ ìwé tó burú jù lọ láàárín ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún mi. Iwájú ìgbìmọ̀ ni ìwọ Igbákejì máa ti ka àbọ̀ méjèèjì. Má yọjú wo inú wọn tẹ́lẹ̀ o, mo fẹ́ kí ó bá gbogbo wa lójijì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìyá Akọ̀wé mú bírò. "Ṣé kí n kọ orúkọ yín sí i, sà, ká lè fi í sọ́tọ̀?"

Gíwá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Orúkọ kẹ̀? Ṣé oòrùn máa ń kọ orúkọ síwájú orí kó tó yọ ni? Fún un ní nọ́ńbà, kó o sì kì í sáàárín àwọn yòókù. Ìlà kan péré ni wọ́n máa kà tí wọ́n á fò dìde, wọ́n á ní, 'Ta ni ọlọ́pọlọ yìí?'"

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà."

"Ẹ̀rù ọgbọ́n ni."

"Ẹ̀rù ọgbọ́n ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìyá Akọ̀wé kọ nọ́ńbà mẹ́tàlélọ́gọ́rin sí i, ó kọ orúkọ Gíwá sí iwájú nọ́ńbà náà nínú rẹ́jísítà, ó ti rẹ́jísítà mọ́nú dúrọ́ọ̀, ó sì gbé ẹrù ìwé náà lọ.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn olùyẹ̀wò ránṣẹ́ pè é. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, obìnrin kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn, di ìwé kan mú ní etí bí ẹni di ìrù eku mú.

"Ìyá, ẹ bá wa wo eléyìí. A kò mọ ìbéèrè tó ń dáhùn. Ṣé ká yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

Nọ́ńbà mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Ìyá Akọ̀wé rò ó wò. Bó bá sọ ẹni tó ni ín, wọ́n á fọ ọ́ mọ́, wọ́n á kọ ìyìn sí i, ìgbìmọ̀ á gbà á, ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. Òun náà á sì pàdánù iṣẹ́, torí òfin ni òfin. Bí kò bá sì sọ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ̀ á jẹ èrè ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó ní òun ń bọ̀.

Ó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ̀ lójú. Ó gbọ́ tí Gíwá ń dá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sọ níwájú dígí, tó sì ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ó kanlẹ̀kùn.

"Sà, ọ̀rọ̀ àròkọ yín ni."

"Wọ́n ti ń béèrè mi, àbí?"

"Wọ́n ń béèrè, sà, ṣùgbọ́n..."

"Má sọ fún wọn! Jẹ́ kó máa dùn wọ́n! Lọ, má dí orísun lọ́wọ́."

Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ o. Ìyá Akọ̀wé padà sọ́dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Nọ́ńbà ni gbogbo wọn, mà. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ bí ẹ ṣe ń ṣe é."

Ọjọ́bọ̀ pé, aago mẹ́wàá lù, gbọ̀ngàn kún. Alága ìgbìmọ̀ ni adájọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ọmọ Ìyá Akọ̀wé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́yìn, wọ́n ń jẹ èékánná. Gíwá fi wákàtí kan gbáko sọ bí òun ṣe gbọ́n tó. Lẹ́yìn náà ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wọlé, àpòòwé kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èyí tó burú jù lọ ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, sà. Wọ́n ní kò sí ìkejì."

"Wọn kò tíì yin tèmi tán ni," ni Gíwá wí. "Kà á. Kí ìgbìmọ̀ rí irú ọmọ tí Ìtàn àti Fìlọ́sọ́fì ń bí!"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ya àpòòwé. "'Nọ́ńbà mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Máàkì: mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún.'"

"Mọ́kàndínlógún!" Gíwá lu tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Òdo yá jù ú lọ!"

"'Ní ojú ewé kìíní, akẹ́kọ̀ọ́ yìí yin ara rẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá. Kò sí ẹni tó bi í. Ní ojú ewé kejì, ó ní gbogbo ọlọ́gbọ́n ayé gbà pẹ̀lú òun. Kò dárúkọ ẹyọ kan. Ní ojú ewé kẹta, ó tako ojú ewé kejì, kò sì jọ pé ó mọ̀.'"

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o!" Gíwá dìde dúró. "Alága, mo dá a lábàá pé kí ẹni tó ni nọ́ńbà yìí, ẹni yòówù kó jẹ́, lọ jókòó sí kíláàsì Ìpìlẹ̀ láti òní lọ! Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ mìíràn! Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ mí o!"

"Ṣé ó dá yín lójú?" ni Alága béèrè.

"Bí ọ̀sán ṣe dá mi lójú!"

Wọ́n ti àbá náà lẹ́yìn, ìgbìmọ̀ gbà á, akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Akọ̀wé fa rẹ́jísítà tó gbé wá láti ọ́fíìsì mọ́ra. Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pòrofó.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń kà lọ. "'Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí: Èmi ni orísun, ìtàn ni gọ́tà; orísun kò sì jẹ gọ́tà ní nǹkan kan. A bi í pé: ta ló sọ bẹ́ẹ̀?'"

Ẹ̀rín gé mọ́ Gíwá lẹ́nu. Ó jókòó. Ó tún dìde.

"Alága... mo rò pé... ẹ jẹ́ ká ṣàánú ọmọ náà. Ọmọdé ni. Kò tíì mọ ohun tó ń ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́ síbí, sà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, inú rẹ̀ sì dùn pé ọ̀gá òun gba ti ìwé. "'Ìgbéraga rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó lè yí padà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kó kọ́ ìtàn kó lè mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, kó kọ́ fìlọ́sọ́fì kó lè máa bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, kó sì kọ́ ìmọ̀ àwùjọ kó lè mọ̀ pé àwọn èèyàn mìíràn wà láyé.'"

Alága yíjú sí Ìyá Akọ̀wé. "Máàkì ti jáde. Ta ló ni nọ́ńbà náà?"

"Ó ti rẹ Ìyá Akọ̀wé," ni Gíwá sọ kíá. "Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi."

"Kò rẹ̀ mí, sà," ni Ìyá Akọ̀wé wí. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó sì ka orúkọ náà pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Ó gùn. Nígbà tó máa fi dé ìdajì, gbọ̀ngàn ti ń mì fún ẹ̀rín. Àwọn olùkọ́ di ara wọn mú, akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì ń mi orí sí oyè kọ̀ọ̀kan bí ìṣe rẹ̀, kó tó yé e pé ó yẹ kí òun dákẹ́.

"Máàkì kò ṣe é yí padà?" ni Alága bi Gíwá.

"Kò... kò ṣe é yí padà."

"Ẹ lọ sí kíláàsì, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró bí wọ́n ṣe wà."

Ìyá Akọ̀wé kò mọ ìgbà tó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó ti dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n fi olùkọ́ Ìtàn ṣe adelé. Ní ti ọkùnrin wa, ó jókòó sí ìlà iwájú ní kíláàsì Ìpìlẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò wọ abẹ́ tábìlì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yá ọmọ tó jókòó tì í ní bírò. Nílé ẹ̀kọ́ yìí, àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá ló máa ń kó àwọn ọmọ ọdún kìíní jọ ní mẹ́fà mẹ́fà, tí wọ́n á máa bá wọn yẹ iṣẹ́ wọn wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pín in sí ẹgbẹ́ kan bíi ti gbogbo èèyàn.

Ní òpin sáà, Ìyá Akọ̀wé jókòó nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin wa ni. Ó dúró ní ìta, ó gbá ìwé kan mọ́ àyà, ó sì ń wo kápẹ́ẹ̀tì bóyá òun lè tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ wọlé," ni Ìyá Akọ̀wé wí.

Ó na ìwé náà sí i. Mẹ́tàlélógójì. Inú rẹ̀ dùn débi pé etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n.

"Ẹ kú oríire o, sà!" Ọkàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì ya òun alára lẹ́nu. "Ó yá, ẹ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Ṣé kí n lọ sọ fún adelé?"

"Rárá, Màmá. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ ka ọdún kejì, Ìtàn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní sà mọ́. Ọmọ yín ló ń kọ́ mi."